Ìjì Ń Bọ̀, Kí Ló Dé Tí Wọn Ò Kúrò Nílé?

Ọ̀rọ̀ tòní jìnnà sí wa, ó sì tún súnmọ́ wa. Ó jìnnà nítorí pé Amẹ́ríkà àti Kúbà ló ti ṣẹlẹ̀. Ó súnmọ́ nítorí pé ìjì tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, orí ilẹ̀ wa níbí ló máa ń gbà kọjá kí ó tó di ìjì ńlá. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Tí wọ́n bá fi hàn nínú tẹlifísàn pé omi bo ìlú kan, tí àwọn ènìyàn jókòó sórí òrùlé, tí wọ́n ń fi aṣọ juwọ́ sí ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ: "Ṣebí wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn? Kí ni wọ́n tún ń dúró ṣe?" Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Olóríkunkun, mo ní. Àfìgbà tí mo wá wo ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa ni mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe olóríkunkun rárá. Ìyá bíi tiwa ni wọ́n, tó ń ro owó, tó ń ro ọmọ, tó ń ro ìyá àgbà tó dùbúlẹ̀ sí yàrá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ìjì yìí jẹ́. Àwọn Faransé ń pè é ní ouragan, àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní hurricane. Ìjì tó ń yí po lórí òkun ni, bí omi ṣe ń yí nínú ìkòkò tí a bá ń fi orógùn rò ó. Ó lè fẹ̀ ju ọ̀nà Kútọnu sí Parakou lọ. Ojú kan wà láàárín rẹ̀ tó máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ojú yẹn ni atẹ́gùn ti ń le jù.

Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹwàá, afẹ́fẹ́ kan máa ń ti ìlà oòrùn Áfíríkà wá, á máa rìn lọ sí ìwọ̀ oòrùn bí ìgbì omi ṣe ń rìn. Á gba Niger, á gba òkè ilẹ̀ wa níbí, á gba Burkina àti Mali, títí yóò fi jáde sórí òkun lápá Senegal. Bí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin ni ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì. Ẹni tó bá ní ará ní Kandi tàbí Malanville mọ òjò oníjì tó máa ń bá a rìn: ọ̀run á ṣú láti ìlà oòrùn, eruku á dìde, ẹni tó pàtẹ á sáré palẹ̀ mọ́, òjò á sì dé. Ní àkókò kan náà, lóṣù kẹjọ, àwa ní Àjàṣẹ́ lè máa sá àgbàdo sóòrùn, nítorí pé òjò tiwa máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà yẹn.

Púpọ̀ nínú ìgbì afẹ́fẹ́ wọ̀nyí kú sórí òkun ni. Ṣùgbọ́n èyí tó bá bá omi gbígbóná pàdé, tí atẹ́gùn òkè kò sì tú u ká, á bẹ̀rẹ̀ sí yí. Omi gbígbóná yẹn ni oúnjẹ rẹ̀. Bó ti ń jẹ ẹ́ ló ń lágbára sí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìjì tó le jù lọ tó ń ba ìlú jẹ́ ní Kúbà, ní Jàmáíkà àti ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá wá bi mí pé ṣé kò lè yíjú padà wá bá wa, rárá o. Atẹ́gùn tó ń tì í, ìwọ̀ oòrùn ló ń tì í lọ.

Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Ivan. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2004 ni ìgbì tó bí i kúrò ní etí òkun Áfíríkà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ó ti ba erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Grenada jẹ́ kanlẹ̀. Ó kọjá lẹ́bàá Jàmáíkà, ó fara kan ìpẹ̀kun Kúbà, ó sì kọrí sí Amẹ́ríkà. Ẹ má gbàgbé orúkọ yìí, Ivan, a ó tún padà sí i.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ìjì ń lọ? Ilé iṣẹ́ kan wà ní Miami tó ń ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru. Sátẹ́láìtì ń wo ìjì náà láti òkè. Ọkọ̀ òfuurufú, ẹ gbọ́ mi dáadáa o, ọkọ̀ òfuurufú tí ènìyàn wà nínú rẹ̀, á wọ àárín ìjì náà lọ láti wọn agbára atẹ́gùn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá ṣírò ohun tí wọ́n wọ̀n, wọ́n á sì ya àwòrán kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta epo pupa, àti ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ta kpayo lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ mọ àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Àwòrán náà dà bí àrọ tí a gbé dùbúlẹ̀. Níbi tí ìjì wà lónìí, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ọjọ́ ti ń jìnnà ló ń fẹ̀, nítorí pé tọ̀la rọrùn láti mọ̀ ju ọ̀túnla lọ. Tí wọ́n bá sọ ibi tí ojú ìjì máa wà lọ́la, wọ́n lè ṣì í ní bíi kìlómítà 50. Ti ọjọ́ kẹta, ó lè tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn. Fún ohun tó ṣì wà lórí òkun, mo rò pé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe.

Àmọ́ ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àrọ yẹn ni ìjì náà fúnra rẹ̀, pé ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà lẹ́yìn ìlà ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ojú ìjì lè gbà ni àrọ ń sọ. Atẹ́gùn àti omi lè ti kọjá ìlà tipẹ́. Tí ìjì mẹ́ta bá sì dé, ó lè jẹ́ pé ojú ọ̀kan nínú wọn máa yà kúrò nínú àrọ pátápátá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, nígbà tí ìjì Ian ń lọ sí Florida, ọ̀pọ̀ ará Fort Myers ń wò pé àárín àrọ dojú kọ Tampa, pé àwọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àṣẹ pé kí wọ́n kúrò dé ní àárọ̀ ọjọ́ 27. Ní ọ̀sán ọjọ́ 28, òkun ti wọlé, ó ga ju mítà 3 lọ létí omi. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú ní Florida.

Àṣìṣe kejì wà lára nọ́ńbà. Wọ́n máa ń fún ìjì ní ipele, láti 1 dé 5. Àwọn ènìyàn á ní, "Ipele 3 ni, a ti rí 5 rí, kò pa wá." Atẹ́gùn nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń wọ̀n. Kò wọn omi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi ló ń pani. Láàárín ọdún 1963 sí 2012, nínú ènìyàn mẹ́wàá tí irú ìjì yìí pa ní Amẹ́ríkà, omi ló pa bíi mẹ́sàn-án.

Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Mississippi gẹ́lẹ́. Ìjì Camille dé ibẹ̀ ní ọdún 1969, ipele 5 ni, ó burú jáì. Ṣùgbọ́n àwọn ilé kan wà tí omi Camille kò dé. Nígbà tí ìjì Katrina ń bọ̀ ní 2005, àwọn tó ń gbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní, "Omi Camille kò dé ibí, èyí náà kò ní dé ibí." Nígbà tí Katrina gúnlẹ̀, ipele 3 ni. Atẹ́gùn rẹ̀ kò tó ti Camille, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fẹ̀ púpọ̀ jù ú lọ, ó sì ti omi òkun wá tó ga ju mítà 8 lọ níbì kan. Àwọn ará ibẹ̀ wá ń sọ lẹ́yìn náà pé Camille pa ènìyàn ní 2005 ju èyí tó pa ní 1969 lọ. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Ìjì tí ènìyàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló tún padà wá pa á, nítorí pé ó fi ọ̀tọ̀ wọn ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí New Orleans. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ orúkọ ìlú yẹn rí. Ní ọdún 1719, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ kó ẹrú láti Áfíríkà lọ sí Louisiana, Ouidah wà lára ibi tí wọ́n ti kó wọn. Torí náà, ẹ̀jẹ̀ etí òkun wa níbí wà nínú àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ìlú náà dà bí àwo: apá púpọ̀ nínú rẹ̀ rẹlẹ̀ ju òkun lọ, wọ́n sì mọ ebè gíga àti ògiri yí i ká kí omi má bàa wọlé.

Láti alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2005, àwọn ará Miami ti ń sọ pé apá ibẹ̀ ni Katrina ń lọ. Àsọtẹ́lẹ̀ náà bọ́ sí i. Ọjọ́ Sátidé, olórí ìlú ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ máa lọ. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 28, ó wá sọ ọ́ di àṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn kúrò. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ìjì dé. Ògiri ìdènà omi fọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, omi sì bo bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú náà. Ó lé ní 1,300 ènìyàn tí ìjì yẹn pa lápapọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ ká parọ́ mọ́ wọn, àwọn tó pọ̀ jù kúrò. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn láti ìlú náà àti àyíká rẹ̀ tó lọ. Ṣùgbọ́n bíi 100,000 dúró. Àwọn wo nìyẹn?

Àkọ́kọ́, ẹni tí kò ní mọ́tò. Ó lé ní 100,000 ènìyàn nínú ìlú yẹn tí kò sí mọ́tò nínú ilé wọn. Ẹnì kan tó wà nílé ìjọba sọ̀rọ̀ nínú rédíò pé kí wọ́n kúrò, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí wọ́n máa wọ̀. Bọ́ọ̀sì tó wà, pápá ìṣeré ńlá kan tó ní òrùlé, tí wọ́n ń pè ní Superdome, ló ń gbé wọn lọ, nínú ìlú náà. Kì í ṣe ẹ̀yìn odi. Nígbà tí wọ́n bi àwọn tí wọ́n kó lọ sí Houston lẹ́yìn ìjì pé kí ló dá wọn dúró, ju ìdajì lọ nínú àwọn tí kò kúrò ló ní àwọn kò rí mọ́tò tàbí ọ̀nà mìíràn láti lọ.

Èkejì, owó. Ọjọ́ 28 oṣù ni àṣẹ náà jáde. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí àpò ṣe máa ń rí lọ́jọ́ 28. Ẹni tó ń gba owó oṣù kò tíì gbà á. Ẹni tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni tirẹ̀ ń wọlé. Epo mọ́tò ń fẹ́ owó, yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ń fẹ́ owó, oúnjẹ ọmọ lójú ọ̀nà ń fẹ́ owó. Ẹ ro ó wò: ìyá kan, ọmọ mẹ́rin, fàránkì díẹ̀ ní ìdí aṣọ, wọ́n ní kí ó máa lọ. Síbo?

Ẹ̀kẹta ni Ivan tí mo ní kí ẹ má gbàgbé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, ó ku díẹ̀ kí Katrina dé ní ọdún kan, Ivan dojú kọ New Orleans. Ọ̀pọ̀ ará ìlú dì, wọ́n jáde. Mọ́tò so pọ̀ lójú ọ̀nà, kò lọ, kò bọ̀. Ìrìn tí kò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ di wákàtí mẹ́wàá fún àwọn kan, nínú oòrùn, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ àti arúgbó. Ivan wá yà bàrá, ó lọ gúnlẹ̀ ní Alabama. Wọ́n padà sílé, ilé wọn wà bó ṣe wà, owó ti tán. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ ọjọ́ tí ọ̀run ṣú, tí a kó ẹrù kúrò lórí àtẹ, tí òjò kò wá rọ̀, tí àwọn tó dúró sì tà tán. Tí ọ̀run bá tún ṣú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ta ni yóò kọ́kọ́ kó ẹrù? Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ kò purọ́ ní 2004, ìjì náà súnmọ́ wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó san owó ìrìn àjò náà kò rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin wúwo lọ́kàn mi jù. Nínú àwọn tí Katrina pa ní Louisiana, bíi ìdajì wọn ti lé ní ọdún 75. Arúgbó ni. Tí ìyá ẹni kò bá lè rìn, tí ó ń lo ẹ̀rọ mímí, tí kò sí mọ́tò tí ó lè dùbúlẹ̀ sí, ọmọ tó dára kì í fi í sílẹ̀. Á jókòó tì í. Ẹni tí a ń pè ní olóríkunkun nínú tẹlifísàn, ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù olè, pé tí ilé bá ṣófo, wọ́n á kó o. Àwọn mìíràn kò fẹ́ fi ajá sílẹ̀, nítorí pé ibi tí wọ́n ń kó ènìyàn sí kò gba ẹran. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹni tó ní ewúrẹ́ mẹ́ta nínú yín kò ní fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2006 wọ́n ṣe òfin ní Amẹ́ríkà pé ètò ìsákúrò gbọ́dọ̀ ro ti ẹran ọ̀sìn inú ilé mọ́ ọn. Àwọn kan sì wà tí kò gba ìjọba gbọ́, wọ́n sì ní ìdí. Ní ọdún 1927, nígbà tí odò Mississippi kún, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àdó olóró fọ́ ebè omi ní ìsàlẹ̀ odò kí New Orleans má bàa rì, omi sì lọ bo ilé àwọn mẹ̀kúnnù. Àwọn bàbá sọ ọ́ fún ọmọ. Tí irú ìjọba bẹ́ẹ̀ bá ní kí o fi ilé rẹ sílẹ̀, o máa kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ ná.

Ti àdúrà náà wà níbẹ̀. Àwọn kan ní Ọlọ́run á pa àwọn mọ́. Èmi kò ní bá wọn jà. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé ẹni tó wa bọ́ọ̀sì wá síwájú ilé, ta ló rán an?

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ̀yin obìnrin gbọ́. Àwọn tó ṣèwádìí nípa ìjì ní Amẹ́ríkà rí i pé obìnrin máa ń fẹ́ kúrò ju ọkùnrin lọ. Ìyá á ti di ẹrù ọmọ, bàbá á ní kí wọ́n dúró díẹ̀ ná, kó wo bí yóò ṣe rí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín nínú yín.

Ṣé gbogbo ènìyàn ló wá yẹ kó sá nígbàkígbà? Rárá. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn Katrina, ìjì Rita ń bọ̀ lápá Texas. Ẹ̀rù ti ba gbogbo ènìyàn. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì tó dà sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí omi kò lè dé ilé wọn rárá sì wà nínú wọn. Oòrùn mú, epo tán, mọ́tò kò lọ. Bọ́ọ̀sì kan tó gbé àwọn arúgbó gbiná lójú ọ̀nà, 23 kú nínú rẹ̀. Àwọn tí sísá náà pa pọ̀ ju àwọn tí atẹ́gùn àti omi ìjì náà pa lọ. Torí náà, wọ́n máa ń kọ́ wọn báyìí pé omi ni kí wọ́n sá fún. Ẹni tó wà níbi tó rẹlẹ̀ létí omi ló gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹni tó wà lókè, tí ilé rẹ̀ sì lágbára, lè jókòó sílé, kó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó kù. Kò sì di dandan láti rìn jìnnà: ìrìn àjò kúkúrú dé ibi tó ga lè tó.

Ivan kan náà kọjá lẹ́bàá Kúbà ní 2004. Ẹ̀yin mọ Kúbà: àwọn ọmọ ọmọ tiwa wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń kí Ọya tó ni ìjì, ní ohùn tó jọ tiwa. Kúbà kò lówó tó Amẹ́ríkà, kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bíi mílíọ̀nù méjì ènìyàn ni wọ́n kó kúrò lọ́nà Ivan, ìjì náà kò sì pa ẹnì kankan níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ṣe? Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ẹni tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Dókítà àdúgbò mọ aboyún, ó mọ arúgbó, ó mọ ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé. Ọdọọdún, kí ìgbà ìjì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń dán an wò bí ẹni tó ń ṣeré. Ọkọ̀ ń wá gbé wọn. Ó ń kó fíríìjì àti tẹlifísàn wọn pẹ̀lú lọ sí ibi tó dáa, kí ẹnì kan má bàa jókòó ti ẹrù. Àwọn tó pọ̀ jù kì í sùn sí gbọ̀ngàn, ilé ará àti aládùúgbò tó wà lókè ni wọ́n ń lọ. Òótọ́ ni pé ọwọ́ ìjọba ibẹ̀ le, ẹni tó bá ní òun kò lọ, wọn kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èyí kò sì lè wu gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: àwọn ìdí tí mo kà fún yín nípa New Orleans, mọ́tò, owó, ìyá àgbà, olè, wọ́n ti dáhùn púpọ̀ nínú wọn kí ìjì tó dé.

New Orleans náà kọ́ ọgbọ́n. Nígbà tí ìjì Gustav ń bọ̀ ní 2008, wọ́n fi bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin gbé àwọn tí kò ní mọ́tò jáde kúrò nínú ìlú. Ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Nítorí náà, ìwà àwọn ènìyàn ibẹ̀ kọ́ ló yí padà, bọ́ọ̀sì ló dé.

Níbí, ouragan kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Odò Ouémé ló ń dé. Òjò tó ń rọ̀ lókè, ní Atacora àti Borgou, lóṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án, gba ẹ̀gbẹ́ Sàbẹ́ kọjá, ó ń bọ̀ wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Bonou ni wọ́n ti ń wọn ọ́n. Omi náà lè dé Adjohoun àti Aguégués nígbà tí òjò kankan kò rọ̀ lójú wa. Àwọn ará ibẹ̀ mọ omi, orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé sí. Ṣùgbọ́n ní 2010 omi náà ga ju bí wọ́n ti ń rí i lọ. Bí ènìyàn 680,000 ló fara gbá a ní gbogbo Benin, kọ́lẹ́rà sì tún tẹ̀ lé e ní àwọn ibì kan.

Torí náà, ẹ̀yin tí ilé yín tàbí oko yín wà létí omi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ jókòó sọ nínú ilé kò pọ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ. Ọ̀dọ̀ ta ni a máa lọ? Kí ẹni náà fẹnu ara rẹ̀ gbà, ẹ má kàn rò ó. Ta ló máa gbé ìyá àgbà, zémíjàn ni àbí ọkọ̀ ojú omi, eélòó sì ni? Owó yẹn, ẹ lè máa fi 100 tàbí 200 fàránkì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ nínú àjọ yín, kí ó ní orúkọ tirẹ̀. Àmì wo ni a máa rí tí a kò fi ní dúró mọ́? Ẹ kọ àmì sí ara òpó: omi dé ibí, a lọ, ì báà ṣe òru. Ọ̀rọ̀ "jẹ́ ká wò ó ná" kò ní ráyè mọ́ tí àmì bá ti wà lára òpó. Aboyún tó ti wọ oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án kó má dúró de àmì rárá, kí ó ti lọ sí ibi tí ó ti lè dé ilé ìwòsàn nípa ẹsẹ̀. Tí omi bá sì ṣì ọ́ lọ́nà lọ́dún yìí, tí o lọ tí kò dé, má jẹ́ kí ọkọ fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ti ọdún tó ń bọ̀.

Ìwé ìbí ọmọ, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ìwé aboyún, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ tí bàbá ń lò, ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá nylon méjì, kí ẹ so ó, kí ẹ fi kọ́ sí ibi tó ga tí ọmọdé lè tọ́ka sí. Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ni omi máa ń ga jù ní Bonou. Tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò wa pé ó ń gòkè, kí ẹ kọ́kọ́ wo àpò yẹn, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ẹni tó ní òun á gbà yín.